Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Àlàyé lórí Yíyàn láàárín Ọkọ̀ Háíbírìdì àti Ọkọ̀ Ńlá

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí Yorùbá bá pa òwe yìí, ẹni tí wọ́n sábà máa ń fi bá wí ni ẹni tó kọ́lé tó ju agbára rẹ̀ lọ, tó dáwọ́ lé ìnáwó tí apá rẹ̀ kò ká, tàbí tó ra ohun tí owó oṣù rẹ̀ kò lè tọ́jú, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé àṣejù nìkan ni òwe náà ń kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, apá méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn. Ìtẹ́ tó tóbi ju eku lọ kò lè mú un móoru, ó sì lè fi àyè gba ejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtẹ́ tó kéré ju eku lọ yóò ti ọmọ rẹ̀ síta, tí oòrùn àti òjò yóò sì pa á. Ẹni tó lo ohun tó kéré jù fún àìní rẹ̀ ti ṣìnà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lo ohun tó tóbi jù. Orí apá méjèèjì yìí ni a ó dúró lé láti yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní, ìyẹn ni bóyá ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo púpọ̀, tí à ń pè ní háíbírìdì, ni kí wọ́n rà, tàbí ọkọ̀ ńlá tó lè gba tọmọ-tìyá àti ẹrù wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le nígbà tí epo bẹntiróò ṣì wà ní ọ̀pọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń san owó ìrànwọ́ orí epo, èyí tí í ṣe owó tí ìjọba ń fi kún iye tí epo jẹ́ gan-an kí ará ìlú lè rà á ní ẹ̀dínwó, títí di ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó lítà epo kan ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó fò láti nǹkan bí 185 náírà sí 488 náírà, nígbà tó sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Ẹni tí lítà mẹ́wàá ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ tó sì ń gbé e bọ̀, tí owó rẹ̀ kò tó 2,000 náírà tẹ́lẹ̀, wá ń san 10,000 náírà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ owó oṣù kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn tí kò ka iye epo tí ọkọ̀ wọn ń mu sí rí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Háíbírìdì ni ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì tó ń jó epo bíi ti gbogbo ọkọ̀, tó sì tún ní ẹ̀rọ oníná pẹ̀lú bátìrì ńlá tó ń bọ́ ẹ̀rọ náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń yí táyà, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló sì ń pinnu ìgbà tí ẹ́ńjìnì yóò sinmi tí iná nìkan yóò ṣiṣẹ́, àti ìgbà tí wọn yóò pawọ́ pọ̀. Irú èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri kí ó tó lè rìn, nítorí náà bóyá ilé iṣẹ́ mànàmáná mú iná wá tàbí wọn kò mú un wá kò kan ẹni tó ni ín. Èrò náà kì í ṣe tuntun, nítorí Ferdinand Porsche ti ṣe ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀ ní ilẹ̀ Austria ní nǹkan bí ọdún 1900, ṣùgbọ́n Prius, tí ilé iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, tó sì dé àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ọdún 2000, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Bíréèkì ni ọgbọ́n ọkọ̀ yìí ti hàn jù. Bí awakọ̀ ọkọ̀ lásán bá tẹ bíréèkì, eré tí epo ti fi sí ọkọ̀ náà lára yóò di ooru lára irin bíréèkì, atẹ́gùn yóò sì gbé ooru náà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé owó epo ni awakọ̀ ń dà nù ní gbogbo ìgbà tó bá dúró. Ní ti háíbírìdì, bí awakọ̀ bá ti rọra tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná yẹn yóò yí iṣẹ́ padà, yóò di jẹnẹrétọ̀, yóò sì fi eré ọkọ̀ náà ṣe iná tó ń padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ lásán ti ń jìyà jù, ìyẹn inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni háíbírìdì ti ń jèrè jù. Ìwọ̀n tí EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé jáde jẹ́rìí sí i: lítà epo kan ń gbé Prius ọdún 2010 rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 21.7 láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ó dín sí 20.4 lójú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí Sienna ọdún 2011, ọkọ̀ ńlá alága méje ti Toyota tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, ń rin nǹkan bíi kìlómítà 7.7 láàárín ìlú àti 10.2 lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní éésì, tún wà lára ohun tí ará Èkó kò gbọdọ̀ fojú fò. Nínú ọkọ̀ lásán, ẹ́ńjìnì ló ń fi bẹ́líìtì yí éésì, nítorí náà ẹni tó bá há sórí Afárá Third Mainland lọ́sàn-án gangan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa jó epo lórí ìdúró, bí kò bá fẹ́ kí òógùn wẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ìran kejì Prius ti jáde ní ọdún 2003, inú bátìrì ńlá ni éésì rẹ̀ ti ń gba agbára, ó sì ń tutù bí ẹ́ńjìnì tilẹ̀ ti dákẹ́. Ìgbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀ nìkan ni ẹ́ńjìnì yóò tún jí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fún un ní agbára. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tàbí Sángò Ọ̀tà, tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní Victoria Island láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí kò sì sí ju òun àti ẹnì kejì lọ nínú ọkọ̀, kò ní ìdí kankan láti máa wọ́ àga márùn-ún tó ṣófo kiri ìlú. Àwọn awakọ̀ takisí aládàáni ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí tipẹ́, ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí Prius fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun.

Apá kan òwe náà nìyẹn. Apá kejì ni pé ìdílé Yorùbá kì í sábà jẹ́ ti ọkọ àti aya pẹ̀lú ọmọ méjì péré. Ìyá àgbà lè wà nílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá kàwé lè wà níbẹ̀, ìyàwó sì lè máa kó ọjà láti Mile 12 tàbí Bódìjà. Bí ènìyàn méje bá ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, ìrìn tó tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ọkọ̀ Sienna kan yóò mu nǹkan bíi lítà 12.5. Prius kan yóò mu nǹkan bíi 6.2, ṣùgbọ́n kò lè gba ènìyàn méje, nítorí náà méjì ni yóò lọ, epo tí àwọn méjèèjì yóò sì jó kò dín rárá sí ti Sienna kan ṣoṣo. Ẹni tó ni wọ́n yóò tún wá awakọ̀ méjì, yóò ra táyà mẹ́jọ, yóò sì gba ìwé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn awakọ̀ inú gáréèjì tí wọ́n ń fi Sienna kó èrò láti ìlú kan sí òmíràn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn gbéra láìkún.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn tó ń fi iye kìlómítà tí lítà kan gbé ọkọ̀ wé ara wọn. Ní ọdún 2008, Richard Larrick àti Jack Soll, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé irú ìṣirò yìí máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí epo tí ọkọ̀ jó lórí ìrìn kan náà ni owó ń bá lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ mẹ́ta wò ó. Bí a bá pa ti ìlú àti ti ọ̀nà márosẹ̀ pọ̀, Sienna ọdún 2011 ń fi lítà kan rin nǹkan bíi kìlómítà 8.5, Sienna ọdún 2021, tí Toyota ṣe ní háíbírìdì nìkan, ń rin 15.3, Prius ọdún 2010 sì ń rin 21.3. Lójú lásán, àlàfo àkọ́kọ́ àti èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n lórí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, Sienna àtijọ́ yóò mu lítà 11.8, ti tuntun yóò mu 6.5, Prius yóò sì mu 4.7, ẹni tó kúrò lórí Sienna àtijọ́ bọ́ sórí ti tuntun ti gba lítà 5.3 là, nígbà tí ẹni tó tún ti ibẹ̀ bọ́ sórí Prius kò rí ju 1.8 lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń mu epo bí ẹni mu omi ni àtúnṣe ti ń mérè wá jù, ó sì dunni pé iye tí wọ́n ń ta Sienna háíbírìdì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè dá, nítorí òun gan-an ni ìtẹ́ tó bá wọn mu.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe àìní ló ń mú wọn ra ọkọ̀ ńlá bí kò ṣe ojú ayé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, wọ́n ti sọ jíìpù di àmì ọlá, débi pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ kékeré lọ sí òde ìnáwó lè rí i pé àwọn tó ń darí ọkọ̀ kò ka òun sí. Àṣà tí kò bójú mu ni, ó sì ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ajigbèsè. Bákan náà ni ẹni tó ra ọkọ̀ alága méje nítorí òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú tó ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ti fi ọjọ́ díẹ̀ wọn gbogbo ọdún; bọ́ọ̀sì wà tí à ń háyà, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí ọkọ̀ ńlá yóò fi mu epo ní àwọn ọjọ́ yòókù.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ ra háíbírìdì, ó yẹ kí ó mọ̀ nípa bátìrì rẹ̀, nítorí tọ́kúnbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí à ń rà, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun kí ó tó gba èbúté Tin Can wọlé. Bátìrì Prius ìran kejì àti ìkẹta jẹ́ àkójọ ègé 28 tí wọ́n so mọ́ra, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 7.2, tí àpapọ̀ wọn fi lé díẹ̀ ní 200. Bí ẹyọ kan bá kú nínú wọn, gbogbo rẹ̀ yóò dojú dé, iná ìkìlọ̀ yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́jọ tàbí máìlì 100,000 ni Toyota fi ṣe onídùúró fún bátìrì náà nígbà yẹn, èyí tó fi hàn pé Prius ọdún 2010 tó bá dé ọwọ́ ará Ìbàdàn lónìí ti kọjá gbèdéke yẹn tipẹ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn ni ihò kan wà tó ní ike wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú, níbi tí fáànù kékeré ti ń fa atẹ́gùn tútù láti inú ọkọ̀ lọ sára bátìrì; bí ọmọ bá ju súwẹ́tà sí i, tí wọ́n gbé àpò ìrẹsì tì í, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá dí i, bátìrì yóò máa gbóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan máa ń yọ ègé tó kú, wọn yóò sì fi àlòkù mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé agbára èyí tí wọ́n fi rọ́pò àti ti àwọn tó kù kò dọ́gba, òmíràn kì í pẹ́ kú. Kì í ṣe gbogbo rewáyà ni ó sì lè fọwọ́ kàn án, nítorí iná inú wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tó ohun tó lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mú mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò dání, kí ó ka agbára apá kọ̀ọ̀kan bátìrì náà nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba àlàyé gígùn. Abẹ́ Prius súnmọ́ ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí àdúgbò rẹ̀ kún fún kòtò tàbí tí àgbàrá máa ń gbà kọjá lásìkò òjò yóò máa fi abẹ́ ọkọ̀ họ ilẹ̀, Sienna pàápàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ ní ọ̀nà yìí. Jíìpù bíi Highlander ló ga fún irú ibẹ̀, ìgbà yẹn ni rírà á kò ní jẹ́ ti ojú ayé.

Ìdájọ́ tó tọ́ nìyí: ẹni tó ń dá wakọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, tó sì ti ya owó bátìrì sọ́tọ̀, kí ó ra háíbírìdì, ìdílé tí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje ń wọ ọkọ̀ wọn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ra ọkọ̀ ńlá láìbojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó bátìrì nílẹ̀, tí kò sì sí mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ háíbírìdì ní ìlú rẹ̀, Corolla lásán tó mu epo níwọ̀nba yóò sàn fún un ju àwọn méjèèjì lọ.