Ṣáásì àfọwọ́ṣe fún ọkọ̀ agunpáta onírìmóòtù

Ọkọ̀ agunpáta ni ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù tí kò bá ti eré sísá wá: òkúta ló ń rá gùn, díẹ̀díẹ̀, láìdojú dé. Ṣáásì ni egungun rẹ̀. Òun ló di bátìrì, mọ́tò àti ásù méjèèjì, ìyẹn ọ̀pá tí táyà wà létí rẹ̀, mú.

Kí ilé-iṣẹ́ tó máa tà á, àwọn olólùfẹ́ eré yìí ló ń fọwọ́ tò ó. Ọ̀pọ̀ wọn tú ásù Clod Buster, ọkọ̀ onírìmóòtù tí ilé-iṣẹ́ Tamiya ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1987. Mọ́tò wà lórí ásù iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí náà pátákó pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n gbé nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó ṣe ṣáásì. Àwọn mìíràn fẹ́ràn irin méjì tí wọ́n fi ọ̀pá dábùú bí àkàbà, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn kan sì ń jó ọ̀pá irin pọ̀ bí àgò.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ni ìwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹrù rẹ̀ á rọ́ sẹ́yìn, táyà iwájú á gbéra, ọkọ̀ á sì dà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé bátìrì sún mọ́ ásù iwájú, kó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ikùn ṣáásì bá lọ sílẹ̀ jù, òkúta á gbé e kọ́. Ẹni tó ń ṣe é ní láti wá ibi tí méjèèjì ti lè bára gbé, kò sì sí ìwé tó lè bá a wá a. Pátákó oníke tí a fi ń gé ẹ̀fọ́ dára fún ikùn náà: ó rọrùn láti fi ayùn gé, ó sì ń yọ̀ lórí òkúta.

Ọ̀pá mẹ́rin ló sábà máa ń so ásù kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣáásì. Wọ́n máa ń ya ọ̀pá òkè méjì bí ẹsẹ̀ àlùgbàgbà kí ásù má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní Anthony, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ̀fẹ́ ní Èkó, kò sí àpáta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í ṣe àjèjì. Agolo mílíìkì, ìdérí ìgò àti sìlípáàsì gbígbó ni àwọn ọmọ wa ti fi ń ṣe mọ́tò tipẹ́. Ọjà Owódé Onírin wà ní Kósọ̀fẹ́ kan náà fún ẹni tó ń wá àjákù irin. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ sì tó fi dán ṣáásì wò kí a tó gbé e lọ sí àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta.