Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́

  Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ló bi mí ní ìbéèrè kan. Ó rí àwòrán ìbọn ìléwọ́ nínú ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là tí wọ́n rà á. Ó ní, "Tíṣà, ṣé wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́ ni?" Mo ní irin lásán ni. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo òpùrọ́. Èsì tí n kò rí àyè fún un tán lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síwájú yín.

Ìbọn tí mo ń wí ni èyí tí Òyìnbó ń pè ní revolver. Ẹ mọ ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Bí ọdẹ bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, àfi kí ó tún ẹ̀tù rọ sí i, kí ó fi ọ̀pá kì í, kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá ṣe ẹfọ̀n tí inú ń bí ni ó dojú kọ ọ́, ẹ mọ ohun tí ó kù. Samuel Colt, ọmọ ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1814, fi àgbá kékeré olóju márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí ọ̀pá ìbọn. Bí a bá ti fa òòlù ìbọn náà sẹ́yìn, àgbá náà á yí, ojú mìíràn tí ọta wà nínú rẹ̀ á sì bọ́ síbi tí ó yẹ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ di ọjà. Ní oṣù kejì ọdún 1836 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀.

Ọjà náà kò tà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Paterson dojú dé ní 1842. Ogun ló tún gbé e dìde. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ń jà, ọ̀gá ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Samuel Walker bá Colt gbèrò ìbọn tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ìjọba sì ní kí ó ṣe ẹgbẹ̀rún kan. Ó ṣe wọ́n ní 1847. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju kílò méjì lọ. Walker fúnra rẹ̀ kò lò ó pẹ́. Ojú ogun ló kú sí ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ó dára. Bí ẹnì kan bá gbé ìbọn Colt àtijọ́ síwájú wa, báwo ni a ó ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Kí á kọ́kọ́ gbà pé ọta wà nínú rẹ̀, títí ẹni tí ó mọ̀ nípa ìbọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbọn tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lè pa ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá.

Ohun tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni ọdún tí wọ́n fín sí i lára. Ẹ gbé ìbọn Colt tí wọ́n ń pè ní Navy yẹ̀ wò. Àwòrán ọkọ̀ ogun ojú omi yí àgbá rẹ̀ ká, ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1843 sì wà lára rẹ̀. Aláìmọ̀kan á ní ọdún náà ni wọ́n rọ ọ́. Rárá o. Ọjọ́ ìjà ni, ìjà tí àwọn ọkọ̀ Texas bá ti Mẹ́síkò jà ní etí òkun Campeche. Ìbọn Navy tilẹ̀ tó ọdún méje lẹ́yìn ìjà náà kí ó tó jáde. Bákan náà ni Peacemaker tí ó jáde ní 1873: ọdún 1871 àti 1872 ló wà lára rẹ̀, èyí tí í ṣe ọdún ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń fín wọn sára èyí tí wọ́n rọ ní 1890 pàápàá. Ó dà bí kí ènìyàn rí ọdún tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó ní ọdún náà ni wọ́n kọ́ ilé náà.

Nọ́ńbà ni kí á wò. Bí ìbọn ṣe ń jáde ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà, èyí tí ó bá sì mọ nọ́ńbà lè wá ọdún rẹ̀ rí. Lára Peacemaker, ibi mẹ́ta ni nọ́ńbà náà wà. Bí èyí tí ó wà nítòsí èèkù bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lára igi àyà rẹ̀, ẹnì kan ti ṣa ẹ̀yà ìbọn méjì pọ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Orúkọ ìlú tí ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Colt ní ilé iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1853 títí di 1856 péré, nítorí náà Navy tí wọ́n rọ ní ilé iṣẹ́ náà kò lè pẹ́ ju àkókò náà lọ púpọ̀.

Ní ti iye owó, ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ìbọn tuntun ìgbà náà dúdú, ó sì ń fà sí aró; apá ibòmíràn ń kọ mànà bí ọrùn ẹyẹlé. Bí ó bá ti gbó, ẹni tí ó jogún rẹ̀ á mú sáńpépà, á bo ó títí yóò fi dán bí ṣíbí. Iṣẹ́ wákàtí kan, ó ti pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ó dùn mí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́tótó ló rò pé òun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì mi. Peacemaker ni ìbọn tó rí, nọ́ńbà 55093, tí wọ́n rọ ní 1880. Òun ni agbófinró kan, Pat Garrett, fi pa ìgárá tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid nínú yàrá òkùnkùn ní Fort Sumner, lóru ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1881. Lẹ́yìn náà Garrett fi ìbọn náà ya ọlọ́tí kan ní El Paso, kí ó máa fi hàn àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa Garrett pẹ̀lú ní 1908. Nígbà tí ọlọ́tí náà kú, àwọn tí ó jẹ ogún rẹ̀ kò fẹ́ yọ̀ǹda ìbọn. Ìyàwó Garrett, Apolinaria, tí ó ti di opó àgbàlagbà, pe ẹjọ́, ó ní ọkọ òun yá a ni, kò tà á. Ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n sì dá ìbọn náà padà fún un.

Ẹjọ́ opó yìí ló mú un di ohun olówó iyebíye. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló ń pariwo pé ìbọn olókìkí kan wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní ju ẹnu lásán lọ. Ti Garrett ní ìwé ilé ẹjọ́, ó sì ní nọ́ńbà tí ó bá ìwé mu. Nígbà tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní Los Angeles ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ó mú mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là àti lé kan wọlé. Ti ẹlòmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 55094, tí irin rẹ̀ kò yàtọ̀, tí kò sì ní ìtàn kankan, kò ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn. Apolinaria Garrett kò sí láyé mọ́ nígbà náà.