Bíréèkì ọkọ̀ yín: bẹ́ ẹ ṣe máa yan páàdì, dísìkì àti kálípà tó bá ọ̀nà yín mu

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Mile 2, mo forí lé Navy Town. Kí n tó dé Agboju, dánfó tó wà níwájú mi dédé dúró láti gbé èrò. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró bó ṣe yẹ. Mo tún fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n kọlu ìdí dánfó yẹn. Bẹ́ẹ̀, páàdì iwájú ọkọ̀ mi kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ o! Ẹni tó tà á fún mi ní, "Ọ̀gá, racing pad ni. Ó máa ń mú gan-an." Èmi náà gbà á gbọ́, mo sanwó.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi tú u, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Tó bá tiẹ̀ wá jẹ́ òótọ́, kì í ṣe irú ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣe é fún."

Ọ̀rọ̀ kejì tó sọ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ ládùúgbò wa, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Òkókómáíkò, tí wọ́n ń kó owó lé bíréèkì ọkọ̀ eré-ìje.

Ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, kálípà á fún páàdì mọ́ dísìkì tó ń yí pẹ̀lú táyà. Bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn ni eré ọkọ̀ ń di ooru. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ dúró láti orí eré 120 kìlómítà ní wákàtí kan máa mú ooru jáde ní ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó wà lórí 60. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni bíréèkì yín ṣe máa ń gbóná tó lójoojúmọ́?

Páàdì

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Organic rọ̀, kì í pariwo, àmọ́ ó tètè ń jẹ tán. Semi-metallic ní irin nínú, ó ń gba ooru dáadáa, ó dára fún ọkọ̀ tó ń kó èrò tàbí ẹrù, àmọ́ ó lè máa han, ó sì máa ń jẹ dísìkì. Ceramic kì í pariwo, eruku ẹ̀ kò pọ̀, ó sì bá ọkọ̀ ilé tó ń wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ mu.

Páàdì eré-ìje yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó lè mú dáadáa. Níbo lẹ fẹ́ ti rí ooru yẹn nínú go-slow Ìyànà Ìbà láàárọ̀? Tó bá tutù, kì í mú tó bó ṣe yẹ, á máa han, á sì máa jẹ dísìkì.

Ẹ wo ẹ̀yìn páàdì tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ní lẹ́tà méjì, bíi FF. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó tutù, èkejì nígbà tó gbóná. E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G láàárín 0.45 sí 0.55. FF tó fún ọ̀nà wa. Èyí tó bá òfin Yúróòpù mu máa ń ní E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú róbótó, àti 90R. Lóòótọ́, ayédèrú náà lè tẹ lẹ́tà sí i lára, àmọ́ èyí tí kò ní nǹkan kan rárá, ẹ dá a padà.

Dísìkì

Èyí tí kò ní ihò lójú, tó ní àlàfo láàárín fún atẹ́gùn, ló tó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ níwájú. Èyí tí wọ́n lu níhò rẹwà, àmọ́ bí ooru bá pọ̀ jù, ibi ihò yẹn ló ti máa ń sán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ń lọ pápá eré-ìje fi ń mú èyí tó ní ilà lójú.

Ẹ wá "MIN TH" lára dísìkì. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n mìlímítà tí kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín. Tápá ọ̀tún àti ti òsì ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀ pa pọ̀.

Kálípà

Kálípà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa máa ń sún lórí pin méjì. Bí pin yẹn bá gan, páàdì kan á jẹ tán, èkejì á ṣì nípọn. Ọkọ̀ á máa fà sápá kan, táyà kan á gbóná ju èkejì lọ. Gírísì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni kí wọ́n fi sí i. Ìbòrí pupa tí wọ́n kọ Brembo sí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kálípà, kò fi kún bíréèkì rárá, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Brake oil

Omi máa ń wọ inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. DOT 3 tuntun kì í hó títí di 205 dígíríì ó kéré tán, DOT 4 di 230. Tí omi bá ti wọ̀ wọ́n, wọ́n lè hó ní 140 àti 155. Tó bá hó, ẹsẹ̀ yín á rì wọlé, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má bu ẹ́ńjìn ọ́ìlì sí i láéláé, á ba rọ́bà inú ẹ̀ jẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pápá eré-ìje ńkọ́?

Ẹni tó ń sáré ní pápá bíi Kyalami ní South Africa nílò páàdì eré-ìje, brake oil tó ń gba ooru gíga, àti kálípà tó ní písítìnì lápá méjèèjì. Dísìkì Formula 1 lè gbóná dé nǹkan bí 1,000 dígíríì. Àmọ́ ọlọgbọ́n á ní páàdì méjì: á wọ ti pápá níbẹ̀, á sì dá ti ọ̀nà padà kó tó wakọ̀ lọ sílé.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà

Yálà ASPAMDA ní Trade Fair ni o, tàbí Ládìpọ̀ ní Mushin, ẹ mú ti àtijọ́ dání, ẹ mú nọ́ńbà ọkọ̀ yín dání, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Tí wọ́n bá wọ páàdì tuntun tán, ẹ wá ibi tí ọkọ̀ kò sí, ẹ dín eré kù láti 50 sí 10 bí ìgbà mẹ́jọ láì dúró pátápátá, kẹ́ ẹ wá rọra wakọ̀ kó fi tutù. Tó bá ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Èmi ti padà sí ceramic tó ní FF lẹ́yìn. Ní ìyànà Agboju yẹn, dánfó ṣì ń dédé dúró níwájú mi, àmọ́ ọkọ̀ mi náà ń dúró báyìí. Ẹ̀mí kò láàrọ̀ o.