Òfin Òwò Àgbáyé àti Ìsọ̀ Aṣọ: Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Nana Benz Lómé

 

Bí ọjà ò bá tà, ìjọba ilé la máa ń bú. Òótọ́ ni, ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin míì wà tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí á sì wọ ìsọ̀ wa láìkan ilẹ̀kùn. Ìtàn àwọn ìyá oníṣòwò àǹkàrá ní Lómé fi èyí hàn kedere.

Lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira ní 1957, ìjọba ibẹ̀ bu owó bodè tó wúwo lé aṣọ òkèèrè. Tógò ní tiẹ̀ jẹ́ kí owó bodè fúyẹ́. Ibi tó bá rọlẹ̀ lomi ń ṣàn gbà. Lómé di ojúkò aṣọ. Vlisco, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1846, ló ń ṣe ojúlówó wax. Àwọn ìyá Lómé ń gbà á lódidi. Ìyá kan lè ní àwòrán tirẹ̀ tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kó wọlé. Àwọn ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, orúkọ yẹn ló sì ń tà á. Àwọn oníbàárà ń ti Nàìjíríà, Ivory Coast títí dé Kóńgò wá bá wọn. Mọ́tò Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn ló sọ wọ́n di Nana Benz.

Nígbà tó di ìparí 1992, ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Tógò nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó wọ inú 1993, òwò púpọ̀ sì ṣí lọ sí Kútọnu. Wọn ò tíì mí délẹ̀ tí wọ́n fi dín iye owó sẹ́fà kù ní oṣù kìíní 1994. Sẹ́fà 50 ló ń gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀; ó di 100. Ká ní o ń ra aṣọ Họ́láǹdì ní 10,000 sẹ́fà, òru ọjọ́ kan ló di 20,000. Oníbàárà ta ló fẹ́ san ìyẹn?

Ibẹ̀ ni òfin àgbáyé ti wá bá wọn. Wọ́n dá Àjọ Òwò Àgbáyé, WTO, sílẹ̀ ní 1995. Ní 2000, àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA tó ń ná sẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó bodè kan náà, tí èyí tó ga jù ò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣáínà wọ WTO ní oṣù Kejìlá 2001. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005, ìwọ̀n tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń dín aṣọ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ṣáínà kù parí. Ilé iṣẹ́ aṣọ Ṣáínà wá ń gbòòrò sí i. Aṣọ wọn, irú Hitarget, kún ọjà, owó rẹ̀ ò sì tó ti Họ́láǹdì rárá. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní Nanettes wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ṣáínà fúnra wọn. Àwọn ìyá àgbà tó gbára lé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò rọ́nà gbé e gbà.

Kí a sọ òótọ́: ẹni tí kò lówó Họ́láǹdì rí àǹkàrá rà, ọlọ́jà kékeré náà sì rówó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ ẹnì kan lẹ́nu ti korò lẹ́nu ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ìjọba fòfin de aṣọ òkèèrè láwọn ọdún 2000, síbẹ̀ fàyàwọ́ ń gba Kútọnu wọlé. Iná mànàmáná tí kò dúró kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ wa rọ́wọ́ mú. Ilé iṣẹ́ UNTL ní Kàdúná tilẹ̀kùn ní 2007. Nígbà tí Nàìjíríà sì ti bodè láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Bẹ̀nẹ̀ ò rí oníbàárà, àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ náà sì fojú winá rẹ̀.

Kí la rí kọ́? Àkọ́kọ́, ká má so òwò wa mọ́ ẹnì kan tàbí ẹnubodè kan. Èkejì, ká máa béèrè òfin kí òfin tó bá wa nílé. Òwò lábẹ́ àdéhùn AfCFTA, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àkírà, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021. Ẹ̀dínwó owó bodè rẹ̀ wà fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àdìrẹ Abẹ́òkúta lè jẹ àǹfààní yìí bí ó bá bá òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é mu; aṣọ Ṣáínà tí a kàn tún dì kò lè jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ ìwé yìí ju agbára ọlọ́jà kan lọ, ṣùgbọ́n kò ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Owó àjọ wa kì í ṣe fún yíyá nìkan. Ó tún wà fún kíkó ọjà pọ̀ àti fún gbígba ẹni tó mọ òfin bodè. Ọ̀pọ̀ ìyá Lómé lówó ju wa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n owó nìkan ò tó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.