Roye England àti Àwọn Ilé Páálí Tí Ó Di Ìwé Ìtàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ìtàn Roye England, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí ó fi páálí, abẹ àti ọ̀dà kọ ìtàn àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1925 ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹ́ rélùwéè ló gbé e dé agbègbè Swindon, níbi tí ilé-iṣẹ́ Great Western Railway ti ń kan ọkọ̀ ojú irin. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àfonífojì Vale of White Horse wà. Ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn abúlé rẹ̀ ni a fi koríko bò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bẹẹrẹ bo ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. England rí i pé wọ́n ń ṣí koríko náà kúrò, wọ́n ń fi ohun tí ẹ̀rọ ṣe rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ilé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Kò ní agbára láti dá wọn dúró. Ó pinnu pé òun yóò ṣe àwòṣe àwọn ilé náà ní kékeré kí wọ́n tó pòórá, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tí ń gba àárín wọn kọjá.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùfẹ́ rélùwéè kékeré ń gbà ní ilé sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin wọn. Ẹlòmíràn a ra ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ ti gé sílẹ̀, a sì tò ó pọ̀. Ẹlòmíràn a fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ láti ìpilẹ̀. England kò ní ju ọ̀nà kejì lọ, nítorí ilé-iṣẹ́ wo ni yóò gé ẹ̀yà ilé àgbẹ̀ kan tí ará abúlé rẹ̀ nìkan mọ̀?

Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni mìlímítà 4 fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹni tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 di mìlímítà 24. Bíríkì tí ó gùn ní íǹṣì 9 di mìlímítà 3 péré. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fa ìlà bíríkì kọ̀ọ̀kan sára páálí, kí a sì kùn ún ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí bíríkì ara ògiri àtijọ́ kì í bára wọn dọ́gba.

Níbí ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti di òpìtàn. Ẹni tí ń kọjá lọ lè sọ pé ilé kan dára, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò kọ́ ọ gbọ́dọ̀ béèrè: ìlà bíríkì mélòó ló wà lábẹ́ fèrèsé? Báwo ni ẹ̀yìnkùlé ṣe rí? Kí ló dé tí apá kan fi jẹ́ òkúta, tí èkejì fi jẹ́ bíríkì? Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí sábà máa ń jẹ́ ìtàn ìdílé: ọmọ bí sí i, ilé fẹ̀ sí i.

Ní ọdún 1948, ìjọba gba àwọn rélùwéè ńláńlá, Great Western Railway fúnra rẹ̀ sì di ohun àná. Ní ọdún 1954, England dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon sílẹ̀ ní abúlé Long Wittenham, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ náà ni Madder Valley wà, iṣẹ́ John Ahern, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí kíkọ́ ilé kékeré kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́. Àfonífojì inú ọkàn ni Ahern kọ́. England ní tirẹ̀ ń ṣọ́ èyí tí ojú rẹ̀ rí.

Èmi kò ní sọ pé àwòṣe kò ní àbùkù. Ẹni tí òjò ń pa nínú ilé kì í kẹ́dùn nítorí òrùlé tuntun; páálí kò sì lè sọ ìyà tí olùgbé ilé koríko jẹ. Ṣùgbọ́n ó ń pa ìrísí ilé mọ́, èyí tí ẹnu lásán kò lè ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinubu, ní ìlú Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí a ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. A bínú, a sì kọ̀wé. Àmọ́ ìbínú kì í ka bíríkì. Ilé bàbá ẹni ṣì ń bẹ lóòró, kọ̀bì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò tíì wó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú okùn ìwọ̀n àti ìwé, kí ẹ sì béèrè orúkọ apá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ohun tí a bá wọ̀n lónìí ni ọmọ wa yóò lè tún kọ́ lọ́la, ìbáà ṣe páálí ni yóò fi kọ́ ọ.