Àkúdàáyà: Ìtàn Ìgbàgbọ́ Nípa Òkú Tó Ń Rìn

Àkúdàáyà ni ẹni tó ti kú, tí wọ́n ti sin, àmọ́ tí ojúlùmọ̀ tún pàdé ní ìlú mìíràn, tó ń tajà, tó ti fẹ́yàwó, tó sì ti bímọ. Ìtàn rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìpẹru ní Rẹ́mọ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Orí àyànmọ́ ni ìgbàgbọ́ náà dúró lé: oníkálukú ti gba iye ọjọ́ tirẹ̀ kó tó wá sáyé. Ẹni tó gbó, tó tọ́, kó tó kú ti lo tirẹ̀ pé. Ẹni tó kú ní rèwerèwe ṣì ní ọjọ́ nílẹ̀, ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ni yóò ti lò ó tán. Bí ará ilé bá dé ibẹ̀, á pòórá.

Àgbà tó kú ní ọ̀nà tirẹ̀ láti padà. Ó lè tún ilé wá gẹ́gẹ́ bíi Babátúndé tàbí Yétúndé. Ní Rẹ́mọ, ohùn Orò àti aṣọ eégún ni àwọn baba ńlá fi ń bẹ ìlú wò. Arìnrìn-àjò Hugh Clapperton rí eré eégún ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ní ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni awo eégún ti wá. Ní 1978, onímọ̀ Marilyn Houlberg kọ àpilẹ̀kọ lórí eégún Rẹ́mọ.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé èrò pé òkú ṣì ń gbé níbòmíràn dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 pẹ̀lú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard. Ọ̀mùtí inú ìwé náà wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú dé ìlú àwọn òkú, ṣùgbọ́n adẹ́mu kò lè bá a padà wálé.

Àwọn ará Japan náà ń gba baba ńlá wọn lálejò lọ́dọọdún nígbà ọdún Obon. Ṣùgbọ́n yūrei wọn, ìyẹn iwin òkú, irú Oiwa inú eré Yotsuya Kaidan ti 1825, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló ń lépa. Àkúdàáyà kì í gbẹ̀san. Ọjọ́ tó kù fún un ló ń lò. Òbí tó sin ọmọ ni ìgbàgbọ́ yìí ṣàánú jù lọ: kò gbà pé ikú lè jẹ ọjọ́ ọmọ náà gbé.