Àjèjì Tó Ń Ṣọ́ Wa, Ọmọ Ilé Tó Mọ̀ Wá Jù

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílégbélé kòrónà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Alágbàdo, títí dé Sàngó-Ọ̀tà, ẹ ò lè tíì gbàgbé. Gbogbo orí WhatsApp kún fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀: Àwáwà ń bọ̀, One Million Boys ti dé àdúgbò kejì! Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á sun táyà ní ìkóríta, bàbá onílé á gbé àdá, ọmọ yunifásítì á gbé igi. Ọlọ́pàá kéde pé àwọn ti kó òṣìṣẹ́ síta, wọ́n sì mú àwọn kan. Síbẹ̀, ojú ò kan oorun.

Kí ló dé tó jẹ́ pé aládùúgbò la kọ́kọ́ ń pè nígbà tẹ́rù bá bà wá? Àwọn kan á ní ọlọ́pàá ò tó, pé epo ò sí nínú ọkọ̀ wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1861 làwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ọgbọ̀n ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ láti máa ṣọ́ aṣojú ìjọba wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: aṣojú ìjọba ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe ará ìlú. Nígbà tó di 1863, wọ́n di Ẹ̀ṣọ́ Haúsá lábẹ́ John Glover, ẹni táwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ò ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n bá ní kó na ará ibẹ̀, ojú ta ló fẹ́ wò? Lójú tèmi, ìdí tí wọ́n fi yàn wọ́n nìyẹn. Ní 1879, òfin sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tó ní 1,200 èèyàn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930, wọ́n pa ọlọ́pàá Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀. Títí dòní, ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àdúgbò yín, wọ́n lè gbé e lọ sí Sókótó lọ́la.

Àwọn bàbá wa mọ irú míì: akódà, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Akódà mọ ilé bàbá èèyàn. Ó mọ ẹni tó ń jí ewúrẹ́. Ó dùn létí, àbí? Àmọ́ ẹni tó mọ ilé èèyàn náà ló mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe. Nígbà Ìjọba Olóṣèlú Àkọ́kọ́, wọ́n lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fìyà jẹ alátakò, ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Àríwá. Lẹ́yìn táwọn ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n fòpin sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lórí X, ẹ rántí pé a ti jẹ ọbẹ̀ yẹn rí.

Bí àdúgbò bá sì ń ṣọ́ ara rẹ̀ ńkọ́? Ní Ìkòròdú lọ́dún 2017, nígbà tẹ́rù Badoo gbòde, àwọn ará àdúgbò ò sùn mọ́. Wọ́n dá apanilẹ́rìn-ín kan dúró, wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì pa á. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: àwa náà kì í da àjèjì mọ̀ yàtọ̀ sí olè lóru.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n ṣí Amọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Nígbà tí táyà ń jó ní oṣù kẹrin, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì nítorí SARS, ikọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa mú adigunjalè. Abala 214 nínú ìwé òfin 1999 ṣì sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní.

Ẹ wo fóònù yín báyìí. Nọ́ńbà ta ló wà níbẹ̀: ti DPO ni, àbí ti alága lándílọ́ọ̀dù?